«Ta nìyẹn?»: Bí ìkìlọ̀ inú ímeèlì mi ṣe dákẹ́

Fún bí ọdún mẹ́ta, kò sí òwúrọ̀ kan tí mo ṣí ilé ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú tí n kò kọ́kọ́ ṣe onídùúró fún ẹni tí n kò mọ̀ rí. N ó tan iná, n ó tan láptọ́ọ̀pù, n ó ṣí Outlook, ètò ímeèlì tí mo fi ń gba iṣẹ́ tí àwọn oníbàárà bá fi ránṣẹ́, kí n sì tó ka ẹyọ ìwé kan, fèrèsé kékeré kan yóò ti yọ sí àárín gbùngbùn ojú ẹ̀rọ. Yóò sọ fún mi pé sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ó ń tọ́jú ímeèlì wa, tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ń lo ìwé ẹ̀rí ààbò tí òun kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, yóò sì bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ bá a lọ bẹ́ẹ̀. N ó tẹ «Yes». Láìpẹ́ yóò tún yọ, n ó sì tún tẹ «Yes». Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá wọ́ lu ara wọn, tí a ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú mẹ́ta pọ̀ mọ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, mo lè tẹ̀ ẹ́ ní ogún ìgbà kí ilẹ̀ tó ṣú, láìgbé ojú kúrò lára ohun tí mo ń ṣe.

Ìlà kan wà nínú ìkìlọ̀ náà tí mo ti mọ̀ sórí bí orin ìjọ, tí n kò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀: «The target principal name is incorrect.» Mo ti ṣe tíṣà rí kí n tó fẹ́ ọkọ onítẹ̀wé, nítorí náà ọ̀gá iléèwé gírámà ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo sì bi ara mi pé kí ló kan pírínsípà nínú ọ̀rọ̀ ímeèlì. Mo rẹ́rìn-ín, mo tẹ «Yes», ìbéèrè náà sì parí síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà náà pé aláìbìkítà ni mí, ǹ bá bá a jà, torí èmi ni mo máa ń yẹ géètì wò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sùn, èmi náà ni mo sì máa ń ka owó lójú ẹni tí ó san án.

Abẹ́òkúta ni ojú ti là mí. Èmi àti ọmọkùnrin kan tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa kó káàdì ìgbéyàwó lọ fún oníbàárà, òjò dá wa dúró, ilẹ̀ sì ṣú, ni a bá wọ òtẹ́ẹ̀lì kan sí. Mo jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò, mo ní kí wọ́n fún mi ní Wi-Fi, mo sì ṣí Outlook láti wò bóyá iṣẹ́ ọ̀la ti dé. Ìkìlọ̀ yọ, mo tẹ̀ ẹ́. Ó tún yọ, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń jẹ gúgúrú.

«Mọ̀mí, ẹ má bínú, kí ni nǹkan yẹn ń bi yín?»

«Ìkìlọ̀ ojoojúmọ́ ni, jàre. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.»

«Mo mọ̀, mà. Kí ló wá sọ?»

N kò rí èsì fún un. Mo ti tẹ nǹkan náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, ẹ̀ẹ̀mejì nínú rẹ̀ kò sì tíì pé ìṣẹ́jú kan, síbẹ̀ n kò lè sọ ohun tí ó bi mí. Nígbà tí ó yọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ mi, ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó sì tẹ bọ́tìnì «View Certificate» dípò «Yes». Orúkọ tí ó wà lórí ìwé ẹ̀rí tí ó ṣí sílẹ̀ kì í ṣe orúkọ ilé ìtẹ̀wé wa, kì í sì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tí a yá ààyè lọ́wọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ẹ̀rọ kan ni, èyí tí ó jọ pé òun ni ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri òtẹ́ẹ̀lì náà. Ó ṣeé ṣe kí ó má ju ẹ̀rọ tí ó fẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà yàrá rẹ̀ wọlé kí ó tó lo íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Ó sì ṣeé ṣe kí ó jù bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó dùn mí ni pé ìkìlọ̀ tí ó yàtọ̀ dé, aṣọ kan náà ni ó wọ̀ pẹ̀lú ti ojoojúmọ́, ọwọ́ mi sì ti jẹ́ ẹ ní «bẹ́ẹ̀ ni» kí ojú mi tó dé ibẹ̀. Lóru ọjọ́ náà, dátà orí fóònù mi ni mo fi yí pásíwọ́ọ̀dù padà.

Láti ìgbà náà ni mo ti fẹ́ mọ ohun tí ìkìlọ̀ yìí ń wá gan-an. Bí ènìyàn bá kan ilẹ̀kùn wa lálẹ́, a ó béèrè pé «Ta nìyẹn?» Bí ó bá dáhùn pé «Èmi ni», a kì í torí ìyẹn ṣí i, a ó tún bi í pé «Ìwọ ta?», nítorí kò sí ẹni tí kò lè pe ara rẹ̀ ní èmi. Ohun tí ètò ímeèlì ń ṣe kò ju èyí lọ. Kí ó tó gbé pásíwọ́ọ̀dù wa lé sáfà lọ́wọ́, ó ń bi í pé ta ni, sáfà a sì mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jáde. Nǹkan mẹ́ta ni ètò náà ń wò lára ìwé yìí: ṣé orúkọ tí ó wà níbẹ̀ bá èyí tí a fi pè é mu, ṣé ọjọ́ kò tíì kọjá lórí rẹ̀, àti pé ṣé onídùúró tí ó fọwọ́ sí i jẹ́ ẹni tí kọ̀ǹpútà wa mọ̀. Microsoft, Apple, Google àti Mozilla, oníkálukú wọn ni ó ní àkọsílẹ̀ àwọn onídùúró tí ó gbà gbọ́. Bí sáfà bá fọwọ́ ara rẹ̀ sí ìwé ara rẹ̀ láìsí onídùúró kankan, «Èmi ni» lásán ni ó ń sọ yẹn. Fèrèsé tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ń lo Exchange, sáfà ímeèlì ti Microsoft, máa ń rí tilẹ̀ ṣàlàyé ju tiwa lọ, nítorí ó to ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi àmì àwọ̀ ewé sí èyí tí ó dára, ó sì fi pupa sí èyí tí kò dára. Ìbá wù mí kí gbogbo ìkìlọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ní tiwa, orúkọ ni ó fa ọ̀ràn. Ilé ìtẹ̀wé kékeré bíi tiwa kì í ra sáfà; ààyè ni a ń yá, lórí ẹ̀rọ kan náà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ti yá ààyè tiwọn. Ẹ fọkàn yàwòrán ilé onílé ogún yàrá tí ayálégbé kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Orúkọ lándílọ́ọ̀dù ni ó wà lára géètì, kò sì sí orúkọ ẹni tí ó ń gbé yàrá kẹfà níta rárá. Nígbà tí a sanwó, wọ́n fún wa ní ìwé pé kí a kọ «mail» síwájú orúkọ ilé-iṣẹ́ wa, kí a fi í ṣe orúkọ sáfà nínú Outlook. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Outlook wá dà bí ìránṣẹ́ tí a ní kí ó jíṣẹ́ fún ilé Lágbájá nìkan; ó dé ẹnu géètì, ó rí orúkọ Làkáṣègbè níbẹ̀, ó sì padà wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí òun jíṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Ó jẹ̀bi kẹ̀? Ọdún mẹ́ta ni ó fi ń béèrè ohun tí ó yẹ, èmi ni mo ń ta á dànù. Pírínsípà tí mo fi ń ṣẹ̀fẹ̀ nìyẹn: orúkọ ẹni tí mo rán an sí kò bá ti ẹni tí ó bá nílé mu.

Kí n tó mọ gbogbo èyí, ẹ̀rù tí mo gbé dé láti Abẹ́òkúta ti mú mi pe ọkùnrin kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò. Mo ṣe àlàyé, ó mi orí, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n. Kò lo ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó wọ ibi tí a ti ń ṣètò àkáǹtì, ó yí nǹkan méjì tàbí mẹ́ta, ó ti Outlook, ó tún ṣí i, ìkìlọ̀ kò sì yọ mọ́. Mo san ₦5,000, mo tún bu mínírà fún un. Fún oṣù mẹ́rin tí ó tẹ̀ lé e, gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́, mo sì ń sọ fún ẹni gbogbo pé ọkùnrin yẹn mọṣẹ́.

Ìgbà ọdún Àjíǹde ni àbúrò mi tí ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn wá kí wa. Ó fẹ́ fi láptọ́ọ̀pù mi tẹ ìwé kan, ó sì ṣèèṣì wọ ibi tí ètò àkáǹtì wà.

«Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ṣe èyí?»

«Ẹni tó bá mi tún un ṣe ni. Ìkìlọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù.»

«Kò tún un ṣe o. Ilẹ̀kùn ń ké, ó wá yọ ilẹ̀kùn dànù.»

Ó jókòó, ó fi hàn mí. Tẹ́lẹ̀, ẹnu ọ̀nà 993 ni ímeèlì wa ń gbà wọlé, níbi tí ohun gbogbo ti ń rìn nínú àdììtú tí wọ́n ń pè ní SSL tàbí TLS. Ọkùnrin yẹn gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà 143, ó sì yan «None» níbi tí wọ́n ti ń béèrè irú àdììtú tí a fẹ́. Ohun kan náà ni ó ṣe sí ti ìfiránṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí àdììtú mọ́, kò sí ìwé ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni yóò béèrè, kò sì sí «Ta nìyẹn?» mọ́, pásíwọ́ọ̀dù mi kàn ń rin ìhòòhò lọ ní ojú títì láti Ṣómólú dé ibikíbi tí sáfà wà, tí ẹni tí ó bá wà lójú ọ̀nà sì lè kà á bí ẹni ń ka ìwé tí a kò fi sí àpòòwé. Oṣù mẹ́rin gbáko. Ariwo tí mo ń sá fún sàn ju ìdákẹ́jẹ́ tí mo fowó rà lọ, mo sì ń kọ èyí sílẹ̀ ní gbangba nítorí mo mọ̀ pé ènìyàn púpọ̀ ni wọ́n ti ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ fún, tí wọ́n ṣì ń dúpẹ́.

Bí àbúrò mi ṣe tún un ṣe kò le, ṣùgbọ́n ètò tí ó tẹ̀ lé níye lórí. Ó kọ́kọ́ dá 993 àti SSL/TLS padà, ìkìlọ̀ sì yọ lójú ẹsẹ̀. Ó tẹ «View Certificate», ó wo orúkọ ẹni tí wọ́n fún ní ìwé náà, ó sì kọ ọ́ sórí èébù ìwé kan. Èmi rò pé yóò kàn da orúkọ náà kọ sínú Outlook ni. Ó ní rárá, pé ẹni tí ó dúró níta ni ó sọ orúkọ yìí fún wa, a kò tíì mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó pe ilé-iṣẹ́ tí a yá ààyè lọ́wọ́ wọn, ó ní kí wọ́n sọ orúkọ sáfà tí àkáǹtì wa wà lórí rẹ̀, ó sì ń fi ìka tọ ohun tí ó kọ bí wọ́n ṣe ń pè é létà kọ̀ọ̀kan. Ó bá a mu. Ìgbà náà ni ó wá fi orúkọ náà rọ́pò «mail» tiwa níbi ìgbàwọlé àti níbi ìfiránṣẹ́, ó fi 465 sí ti ìfiránṣẹ́ pẹ̀lú àdììtú, ó ti ètò náà, ó sì ṣí i padà. Mo ti na ìka sí ibi tí «Yes» máa ń wà. A jókòó. Ìwé mẹ́rin wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí fèrèsé kankan tí ó yọ.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ó tilẹ̀ dára ju ìyẹn lọ, èyí tí ó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tí ó yá wa ní ààyè ni ó yẹ kí ó ṣe é: kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí tí orúkọ tiwa gan-an wà lórí rẹ̀. Owó kọ́ ni ìdíwọ́ mọ́. Láti ọdún 2015 ni Let's Encrypt ti ń fún ẹni tí ó bá fẹ́ ní ìwé ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́, 90 ọjọ́ ni a sì ń lò ó kí a tó tún un gbà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ó sì ń lọ tún un gbà. Lórí àwọn sáfà tí ó ń lo cPanel, ètò tí wọ́n fi ń bójú tó ààyè tí a yá, ohun kan wà tí ń jẹ́ AutoSSL tí ó ń ṣe èyí fún ayálégbé kọ̀ọ̀kan, «mail» iwájú orúkọ rẹ̀ náà kò sì gbẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti tan án fún yín, ẹ kò nílò orúkọ lándílọ́ọ̀dù. Tiwa, wọn kò tan án.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, ìkìlọ̀ padà dé. Mo fẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo kà á, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: orúkọ pé, onídùúró pé, ọjọ́ ni ó ti kọjá lórí ìwé náà láti ọ̀sán àná. Bí ọkọ̀ tí ọlọ́pàá dá dúró ni, tí ọkọ̀ jẹ́ ọkọ̀ náà, tí awakọ̀ jẹ́ awakọ̀ náà, ṣùgbọ́n tí pátíkúlà ti kọjá ọjọ́ rẹ̀. Mo pe ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọkùnrin tí ó gbé fóònù níwà pẹ̀lẹ́ gan-an, ó kí mi dáadáa, ó gbọ́ mi títí mo fi parí ọ̀rọ̀, ó sì wí báyìí pé: «Ẹ má dààmú rárá, mà. Ẹ ṣáà máa tẹ Yes ná.»

«Títí di ìgbà wo?»

«Wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, mà.»

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Inú bí mi, àmọ́ kì í ṣe nítorí wọ́n gbàgbé láti tún ìwé gbà. Ta ni kì í gbàgbé? Ohun tí ó bí mi nínú ni pé ẹni tí a ń sanwó fún kí ó tọ́jú ilẹ̀kùn ni ó ń kọ́ ayálégbé láti máa ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò fìwé hàn. Iye ọ́fíìsì tí wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún, mélòó ni? Ní tèmi, mo pàṣẹ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. A ní kí àwọn oníbàárà máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìyà sì jẹ wá, torí fọ́tò tí WhatsApp ti fún pọ̀ kì í ṣeé tẹ̀ sórí bébà ńlá. Ojú olóògbé kan di kóńkóló kóńkóló lórí pósítà ìsìnkú tí a tẹ̀ wò, a ní láti bẹ àwọn ẹbí pé kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì.

Irú ìgbàgbé yìí kò ní pẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni òfin dé pé ìwé ẹ̀rí tí gbogbo ayé gbà kò gbọdọ̀ lò ju 398 ọjọ́ lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn onídùúró àti àwọn tí ó ń ṣe búráúsà dìbò láti dín in kù: 200 ọjọ́ láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2026, 100 ọjọ́ láti ọjọ́ kan náà ní ọdún 2027, 47 ọjọ́ péré láti ọdún 2029. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò lè máa fi ọwọ́ ṣe ìyẹn. Àwọn tí kò bá gbé e fún ẹ̀rọ, àwọn oníbàárà wọn yóò máa rí ìkìlọ̀ bí ẹni ń rí òṣùpá tuntun.

Ìkìlọ̀ kan sì wà tí sáfà kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Dẹ́sítọ́ọ̀pù tí akọ̀wé owó wa ń lò máa ń kígbe lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí iná ìjọba bá lọ tí ó sì dé, láptọ́ọ̀pù mi ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì wí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń fẹ̀sùn kan Wi-Fi. Ìgbà tí mo ṣèèṣì wo igun ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ náà ni mo rí i pé ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2010 ni ó wà. Lójú rẹ̀, ìwé ẹ̀rí sáfà wa kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ iwájú ni wọ́n kọ ọ́. Bátìrì kan tí ó rí bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, CR2032 ni wọ́n ń pè é, wà nínú ọ̀pọ̀ dẹ́sítọ́ọ̀pù láti máa ka aago nígbà tí kò bá sí iná, tiwa sì ti kú. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, mo rà á, ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ náà tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó fi èékánná yọ èyí tí ó kú, ó ti tuntun bọ̀ ọ́. A yí ọjọ́ padà. Ó parí. Nínú gbogbo àtúnṣe tí mo ṣe, èyí ni ó dùn mọ́ mi jù, nítorí mo fojú rí ohun tí ó bàjẹ́, mo sì dì í mú lọ́wọ́.

Áńtífáírọ́ọ̀sì náà lè fà á. Àwọn kan nínú wọn máa ń dúró láàárín ètò ímeèlì àti sáfà láti yẹ ìwé tí ó ń wọlé wò, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fúnra wọn ṣe ni wọ́n sì ń gbé kalẹ̀. Ẹni tí ó ń lo Thunderbird, ètò ímeèlì mìíràn, lè rí wàhálà rẹ̀, nítorí Thunderbird ní àkọsílẹ̀ onídùúró tirẹ̀ lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti Windows. Ẹ wọ inú áńtífáírọ́ọ̀sì náà, ẹ pa apá tí ó ń yẹ ímeèlì wò. Thunderbird kan náà ni ó ń jẹ́ kí a yọ sáfà kan sílẹ̀ nínú òfin títí láé, kí ó má béèrè mọ́. Kò burú bí ó bá jẹ́ sáfà tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé kalẹ̀ nínú ilé yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ di onídùúró yẹn, ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ má ṣe é ní òtẹ́ẹ̀lì.

Ìkìlọ̀ kejì tí Outlook fi ń yọ wá lẹ́nu ní ìparí oṣù kò kan sáfà rárá, ó sì ní ìtàn. Ètò tí a fi ń kọ ìwé owó fún oníbàárà ń gba inú Outlook fi wọ́n ránṣẹ́, Outlook a sì máa béèrè lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bóyá mo gbà kí ètò mìíràn fi ìwé ránṣẹ́ lórúkọ mi. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni fáírọ́ọ̀sì ILOVEYOU jáde láti Philippines, ó ń fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà nínú Outlook ẹni tí ó bá ṣí i, ó sì yí ayé po kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Microsoft fi ẹ̀ṣọ́ yìí sí i. Láti Outlook 2007, ẹ̀ṣọ́ náà máa ń dákẹ́ bí ó bá rí i pé áńtífáírọ́ọ̀sì orí ẹ̀rọ wà láàyè, tí kò sì kọjá ọjọ́. Tiwa ti kọjá ọjọ́ láti ọdún tó kọjá. A san owó rẹ̀, ó dákẹ́.

Mo ti gbìyànjú láti dá ara mi láre pé kì í ṣe èmi nìkan. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2013 wo ìkìlọ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù 25 lórí Chrome àti Firefox. Ní ti ìkìlọ̀ ìwé ẹ̀rí, àwọn tí ó ń lo Chrome nígbà náà kọjá lórí rẹ̀ ní ìgbà 70 nínú 100, àwọn ti Firefox sì kọjá ní ìgbà 33.  Bí a ṣe gbé ìkìlọ̀ náà kalẹ̀ wà lára ohun tí ó yàtọ̀. Ti Firefox gba kí ènìyàn tẹ bọ́tìnì púpọ̀ kí ó tó kọjá. Nítorí náà n kò ní dá gbogbo ẹ̀bi lé ọwọ́ mi. Ẹni tí ó ṣe fèrèsé tí ó ní «Yes» gbàǹgbà, tí kò sì sọ ní èdè tí ọmọ ènìyàn ń sọ pé orúkọ ni kò pé tàbí ọjọ́ ni ó kọjá, ó ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀.

Síbẹ̀, ẹnìkan wà tí mo máa ń rántí tí ojú bá ń tì mí. Ní oṣù Keje ọdún 2011, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti wọ inú ẹ̀rọ DigiNotar, onídùúró kan ní Nẹ́dálándì, ṣe ìwé ẹ̀rí èké tí orúkọ Google wà lórí rẹ̀. Orúkọ bá a mu, ọjọ́ kò kọjá, onídùúró sì jẹ́ ẹni tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé mọ̀. Iran ni wọ́n ti lò ó, láti fi ka ímeèlì àwọn ènìyàn. Àwọn olùwádìí rí àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tí ó tó 300,000 tí ó ti kó sínú rẹ̀. Chrome nìkan ni ó kígbe, nítorí Google ti kọ orúkọ àwọn onídùúró tirẹ̀ gan-an sínú rẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹjọ, ẹnìkan ní Iran rí ìkìlọ̀ náà, kò tẹ̀ ẹ́ kúrò. Ó kọ̀wé sí ojúewé ìrànlọ́wọ́ Google pé kí ni èyí. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn búráúsà ńlá ti yọ DigiNotar kúrò nínú àkọsílẹ̀ wọn, ilé-iṣẹ́ náà sì wọ gbèsè kú kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Mo máa ń bi ara mi pé bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn ní àkókò tí ọwọ́ mi ṣì ń yá ju ojú lọ ńkọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, fèrèsé kékeré náà yọ. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo rí i kẹ́yìn. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí máósì, mo gbé e lé itan, mo sì pe ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ náà pé kí ó wá kà á fún mi sókè. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tẹ «View Certificate», a jọ wò ó: orúkọ pé, ọjọ́ ti kọjá láti aago kan òru. Mo pe ilé-iṣẹ́ náà. Ohùn ọmọkùnrin ìjelòó kọ́ ni mo gbọ́, obìnrin ni, kò sì sọ pé kí n tẹ nǹkan kan. A lọ jẹun. Ní aago méjì ààbọ̀, àwọn ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, èyí tí ó ṣíwájú nínú wọn sì jẹ́ ti káàdì ìsọmọlórúkọ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́jọ́ kejì.